Owó Tí A Kọ Nílà Kì Í Ṣe Owó Àmútọ̀runwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tí inú yóò bí máa bínú. Púpọ̀ nínú àwọn owó onírin tí wọ́n ń tà fún wa kiri lónìí, tí wọ́n ń sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ owó ló ṣèèṣì tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Òòlù ló lù wọ́n. Fáìlì ló há wọn. Omi bátìrì ló jẹ wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wáá kó wọn sínú ọ̀rá kékeré, tí wọ́n ní àṣìṣe ìjọba ni, pé òyìnbó yóò fi mílíọ̀nù rà á.

Kì í ṣe pé owó tí ilé-iṣẹ́ ṣèèṣì tẹ̀ kò sí láyé o. Ó wà, ó sì níye lórí. Ohun tí mo ń bá jà ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ọgbẹ́ sí owó lára, kó tún wáá pè é ní àmì ìbí.

Ní Ìjẹ̀dẹ́ wa níbí, ìyá kan tí ń yan ẹja tà mú náírà méjì onírin kan wá fún mi pé kí n bá òun wò ó. Ti 2006 ni, èyí tí àárín rẹ̀ pọ́n tí etí rẹ̀ funfun. Àárín yìí dorí kodò, etí kò dorí kodò. Ìyá ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lé e lórí, owó tó yẹ kó fi ra ẹja tútù sílẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní kó tọ́jú rẹ̀ títí oníbàárà yóò fi dé láti Amẹ́ríkà. Oníbàárà kò dé, ẹni tó tà á kò sì gbé fóònù mọ́. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ṣé àṣìṣe gidi ni?" Irú ìbéèrè yẹn kò yẹ kí ó wà láìsí ìdáhùn nígboro, nítorí náà ni mo ṣe mú gègé.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bí ojúlówó kò lè dá ayédèrú mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bí owó.

Wọ́n á kọ́kọ́ mú irin pẹlẹbẹ gbọọrọ, wọ́n á máa gé e ní róbótó-róbótó, bí alásè ṣe ń fi ife gé ìyẹ̀fun mítípáì. Wọ́n á fi iná mú un rọ̀, wọ́n á sì ká etí rẹ̀ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí òrùka irin kan yóò sì yí i ká kí ó má baà fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀rọ á wáá tẹ òǹtẹ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára ńlá. Ojú méjèèjì owó á jáde lẹ́sẹ̀ kan náà. Inú òǹtẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ àwòrán jinlẹ̀; ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń yọ sókè lára owó.

Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, nǹkan lè yí. Ọ̀bẹ tí ń gé irin lè gé ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀, kí pẹlẹbẹ náà jáde bí oṣù tí nǹkan bù jẹ. Pẹlẹbẹ lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ òǹtẹ̀, kí àwòrán bọ́ sí ẹ̀bá. Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ lè sán. Wọ́n lè fi òǹtẹ̀ tí kì í ṣe ọkọ àti aya so pọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àṣìṣe tòótọ́, inú ilé ni gbogbo wọn sì ti ṣẹlẹ̀, kí owó tó fi ojú kan ìta. Ohun yòówù tó bá ṣẹ̀ sí i lẹ́yìn tó ti jáde, ìbáà jẹ́ táyà ọkọ̀ ló gun orí rẹ̀, ìbáà jẹ́ wẹ́dà ló há a, ayé ló fojú rẹ̀ rí.

Àwa Yorùbá kò yẹ kó ṣòro fún láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó ti wà nínú orúkọ tí à ń sọ ọmọ. Dàda mú irun rẹ̀ ti ọ̀run wá. Ìgè fi ẹsẹ̀ síwájú wáyé. Olúgbódi ti ní ìka mẹ́fà láti inú ìyá rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá nìwọ̀nyí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá lọ jókòó síwájú onídìrí, tó ní kí wọ́n bá òun ta irun òun pọ̀ bíi ti Dàda, irun náà lè dára, ó lè yẹ ẹ́ gan-an, àmọ́ baba wo ló máa torí ẹ̀ pè é ní Dàda? Kò sì sẹ́ni tí wọ́n bí tòun ti ilà lójú. Abẹ ló kọ ilà, ọwọ́ olóólà ló sì ti wá. Owó tí ilé-iṣẹ́ ṣèèṣì tẹ̀, owó àmútọ̀runwá ni. Owó tí wọ́n fi fáìlì há lójú, owó tí wọ́n kọ nílà ni. Ẹni tó bá ta èkejì lórúkọ èkíní, olè ni, kò sí orúkọ mìíràn tí à ń pè é.

Wọ́n á ní, "Ta ló lè mọ ìyàtọ̀?" Ìwọ lè mọ̀ ọ́n. Èmi náà lè mọ̀ ọ́n. Dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, òòfà kékeré kan, àti ìwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó láti tú àṣírí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà tó bá wà lára owó náà. Ṣé ó yọ sókè ni, àbí ó jìn wọlé? Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin owó á wọ inú ojú ibi tó sán yẹn, ìlà náà á sì yọ sókè lára owó. Àmọ́ bí ìṣó tàbí ọ̀bẹ bá há owó lára, ìlà náà á jìn wọlé, irin tí ó ṣí kúrò níbẹ̀ á sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọkọ́ ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ poro. Ẹ fi èékánná tọ́ ọ wò, ọwọ́ yín á sọ fún yín.

Bí wọ́n bá ní etí owó ni ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ bù jẹ, ẹ má wo ibi tó jẹ nìkan. Ẹ yí i, kí ẹ wo etí kejì tó dojú kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń ká etí pẹlẹbẹ tòótọ́ sókè, ibi tó ti jẹ kò ní ohun tí yóò fi gbé ìhà kejì dúró, nítorí náà etí ìhà kejì sábà máa ń rẹlẹ̀ tàbí kí ó parẹ́ díẹ̀. Bí etí yẹn bá le koko tó dúró ṣánṣán, tí ibi tó jẹ sì mú bí ẹnu abẹ, ọwọ́ ènìyàn ló gé e.

Ó wáá kan náírà méjì ìyá ẹlẹ́ja. Irin méjì ni wọ́n fi ṣe owó yẹn, àárín lọ́tọ̀, etí lọ́tọ̀. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo tí ń fún owó ní àwòrán náà ló ń so irin méjèèjì pọ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kan náà ni àárín àti etí gba àwòrán, báwo ni àárín yóò ṣe dorí kodò tí etí kò ní dorí kodò? Kò ṣeé ṣe. Ńṣe ni ẹnìkan gbá àárín yọ, tó yí i po, tó sì fi òòlù gbá a padà. Bí ẹ bá wo ojú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé dáadáa, ẹ ó rí i pé ó há. Mo ṣàlàyé fún ìyá bẹ́ẹ̀, kò sì dùn mọ́ mi láti ṣàlàyé rẹ̀.

Òmíràn ni kọ́bọ̀ funfun. Kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ṣe ní 1991, irin ni inú wọn, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Ásíìdì á jẹ bàbà yẹn dànù, irin inú á sì hàn funfun. Ni wọ́n á bá máa pariwo pé ilé-iṣẹ́ gbàgbé láti fi bàbà bò ó. Lóòótọ́, irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ara rẹ̀ á mú ṣáṣá, ara rẹ̀ á sì dán létòlétò. Èyí tí ásíìdì bá jẹ, ara rẹ̀ á rí háháhá bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà, lẹ́tà rẹ̀ á rọ̀, bàbà á ṣì fara pamọ́ sínú kọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ẹ sì rántí pé òòfà ń fa ti 1991. Bí ẹnìkan bá mú kọ́bọ̀ 1973 tí òòfà fà wá, ẹ jókòó kí ẹ bá a sọ̀rọ̀, nítorí wọn kò fi irin ṣe ti 1973. Àmọ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Àwọn kan á tún fi fáìsì tẹ owó méjì pọ̀ títí àwòrán ọ̀kan yóò fi wọ ara èkejì. Wọ́n á ní owó há sínú ẹ̀rọ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: fáìsì á ti tẹ àwòrán ẹ̀yìn pa pẹlẹbẹ. Àwọn mìíràn á gbẹ́ inú owó kan, wọ́n á ki ìdajì òmíràn bọ̀ ọ́, ó di owó olójú kan náà níwá lẹ́yìn. Ẹ jù ú sórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Owó odidi máa ń dún gbọnrangandan. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ á dún kú.

Àwọn tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi tún wà, àwọn tó ń fọ owó. Wọ́n á rí ṣílè àtijọ́ nínú kóló ìyá àgbà, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bò ó, wọ́n á fi kànrìnkàn gbo ó títí yóò fi máa kọ mànà. Wọ́n rò pé àwọn bọlá fún un ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ara àkọ́kọ́ tí owó ní nígbà tí òǹtẹ̀ fi í sílẹ̀, ìtẹ̀ ló fún un, kànrìnkàn kò lè fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi dígí wò ó, ẹ ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tín-ín-rín tí kànrìnkàn fà sí i lára, ẹ ó sì rí ìdọ̀tí dúdú tó sá sẹ́bàá lẹ́tà. Ẹni tó mọ owó àtijọ́ kì í san iye kan náà lé e mọ́. Dídán yẹn ti pa iye rẹ̀. Ṣílè tí wọ́n ṣe láti 1913 sí 1919, èyí tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn, fàdákà gidi ni. Láti 1920 ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo idẹ alápòpọ̀ dípò rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá rí ṣílè 1925 tó funfun báláú, ẹ má sáré. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tó ti họ, bóyá idẹ pupa ń yọjú lábẹ́ fàdákà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bò ó.

Ohun tí kì í ṣe àṣìṣe rárá ni wọ́n tún sọ di àṣìṣe. Ihò àárín àníní, ẹ́pínnì àti kọ́bọ̀ ayé òyìnbó, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí i ni. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó yí ihò náà ká, bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Lẹ́tà H kékeré tó wà lára òmíràn, àmì ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham tó bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni. Èyí tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ ńkọ́? Ọba yìí kò lo ọdún kan lórí oyè. Ó gorí ìtẹ́ ní oṣù kìíní 1936, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Wọn kò ná owó tó ní orí rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ owó wa onihò kò ní orí ọba kankan, orúkọ nìkan ló ní, nítorí náà wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn, ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kọ́ o, ọ̀wọ́n kọ́ sì ni.

Ẹ ò wáá ní pé kí n fi ojúlówó kan hàn yín? Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó onígun méje wọn, tí iye rẹ̀ jẹ́ ogún pẹ́ńsì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọdún máa ń wà láti 1982. Ní 2008 wọ́n yí àwòrán padà, wọ́n sì gbé ọdún lọ sí iwájú, níbi orí Ọbabìnrin. Ẹnìkan nílé-iṣẹ́ wáá so òǹtẹ̀ iwájú ti àtijọ́, tí kò ní ọdún, mọ́ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun, tí òun náà kò ní ọdún. Ni owó bá jáde láìní ọdún níwá lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ Royal Mint fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ kíyè sí i: ìtàn rẹ̀ lórí, ó nídìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló jáde nítorí òǹtẹ̀ kan náà ló bí wọn, ibi tí ọdún kò sí, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò ní àpá kankan. Bí ẹnìkan bá fi fáìlì há ọdún kúrò lára ogún pẹ́ńsì mìíràn, ojú rẹ̀ á jìn wọlé, á sì há. Èkíní ni Dàda; èkejì lọ sọ́dọ̀ onídìrí.

Àwọn tó ń ta àtamọ́-àtamọ̀ yìí ní èsì mẹ́ta. Wọ́n ní, "A ò fipá mú ẹnikẹ́ni rà." Àbí? Ẹni tó bá fi iró kún òṣùwọ̀n gààrí kò fipá mú ẹnikẹ́ni rà náà, síbẹ̀ a mọ ohun tí à ń pè é lọ́jà. Wọ́n ní, "Báyìí lèmi náà ṣe rà á." Bí wọ́n bá já ọ jẹ, ṣé ìyẹn ló ní kí ìwọ náà wá já ìyá ẹlẹ́ja jẹ? Wọ́n ní, "Kọ́bọ̀ kò tilẹ̀ ra nǹkan kan mọ́, kí ló burú bí a bá sọ ọ́ di ohun iyebíye?" Ìdáhùn mi sí èyí ni pé kì í ṣe kọ́bọ̀ ni ẹ sọ di ohun iyebíye. Irọ́ ni ẹ fi iye lé lórí.

Òfin pàápàá kò fara mọ́ ọn. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àgbà ìjọba àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ba owó tí báńkì náà tẹ̀ jẹ́, ìbáà jẹ́ onírin, ìbáà jẹ́ onípépà, ẹ̀wọ̀n tí kò dín sí oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Òfin náà dárúkọ kí a lu owó, kí a fín nǹkan sí i lára, kí a dá ihò sí i. Ẹ má sì rò pé òfin náà sùn: ní oṣù kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ó ń ná owó náírà lóde àríyá. Bí wọ́n bá lè bá ẹni tó ná owó sókè wí, kí ni ẹni tó fi òòlù gbá àárín owó yọ máa wí?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ mí lógún ju ẹ̀wọ̀n lọ, òun ni orúkọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fi idẹ rọ́pò fàdákà ní 1920, ayédèrú ṣílè rọrùn láti rọ, ó sì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ yìí láàárín ogún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ jù. Àwọn alágbẹ̀dẹ díẹ̀ ló jẹ ẹ̀bà náà, odidi ẹ̀yà kan ló ń fọ abọ́ rẹ̀ títí dòní, torí àwọn kan ṣì ń pe ọjà tí kì í ṣe ojúlówó ní "Ìjẹ̀bú". Ìwọ̀sí ni, kò sì tọ́. Àwa ará Ìkòròdú, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ẹ̀pẹ́ tí a bá wọn pààlà, tí a tún bá wọn tan, ó yẹ kó jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún wa. Bí a bá dákẹ́ fún àwọn tó ń há kọ́bọ̀ láàárín wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò máa fi orúkọ ìlú wa pe owó tí wọ́n hájú.

Kí la ó wáá ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ní owó àtijọ́ nínú kóló, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fi ọsàn kàn án, ẹ má fi kànrìnkàn kàn án. Ọ̀pọ̀ ṣílè àtijọ́ ni wọ́n ti dá ihò sí létí kí wọ́n lè fi so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Àpá nìyẹn, kì í ṣe àmì ìbí, àmọ́ àpá tó ní ìtàn ni. Ẹ tà á gẹ́gẹ́ bí àpá, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀. Mi ò bá àpá jà. Irọ́ tí wọ́n ń pa lórí rẹ̀ ni mò ń bá jà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe rà á láti inú àwòrán fóònù. Ẹ má san owó ìdúró, ẹ má san owó àyẹ̀wò fún ẹni tó tún jẹ́ olùtajà. Ẹ dì í mú lọ́wọ́, ẹ fi òòfà kàn án, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ tí kò lábùkù.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀rí wà. Ọmọ tó bá ń jẹ́ Ìgè, ìyá rẹ̀ lè sọ bí ó ṣe wáyé. Bí ẹ bá ní owó ọwọ́ yín, àmútọ̀runwá ni, ẹ sọ fún wa bí wọ́n ṣe bí i: ibo nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wó ni nǹkan ti yí, ipa wo ni ó sì fi sílẹ̀ lára rẹ̀? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ dá owó olówó padà.